Ta ló yẹ kó tú rìákítọ̀ palẹ̀? Ìjíròrò lórí àjọ JAEA ti Japan

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé. JAEA ni àjọ tí ìjọba Japan gbé ìwádìí agbára núkílíà lé lọ́wọ́. Àjọ yìí kan náà ló ń tú Monju palẹ̀ ní Tsuruga, ìyẹn rìákítọ̀ kan, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára núkílíà mú ooru jáde. Gbogbo ọjọ́ tí Monju fi ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀ ò ju nǹkan bí 250 lọ, wọ́n sì ní ọgbọ̀n ọdún ni títú u máa gbà, pẹ̀lú owó tó máa tó bílíọ̀nù 375 yen. Kí ló kan onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ilé wíwó? Ẹ gbé e fún agbaṣẹ́ṣe tó mọ ilé wó, kí àwọn onímọ̀ padà sídìí ìwádìí wọn. Àbí àwọn kan ló fẹ́ máa fi jẹun?

* * *

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Japan náà ló ń bi í. Ọ̀rọ̀ “wíwó” yẹn ló ń ṣì ọ́ lọ́nà. Ilé wíwó ló kẹ́yìn pátápátá. Ìpele mẹ́rin ni ètò Monju: wọ́n á kó ohun ìdáná jáde, wọ́n á palẹ̀ sódíọ̀mù mọ́, wọ́n á tú àwọn ẹ̀rọ, kí wọ́n tó wá kan ògiri. Ọdún 2047 ni wọ́n fojú sí. Katapílà ò níṣẹ́ níbẹ̀ títí di ìgbẹ̀yìn.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná. Omi kọ́ ló ń gbé ooru kúrò nínú Monju, sódíọ̀mù ni, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,670. Irin rírọ̀ ni sódíọ̀mù, ó ń yọ́ ní 98°C. Tó bá gbóná tó sì kan afẹ́fẹ́, á gbiná. Tó bá kan omi, á bú. Wọn ò lè fi í sílẹ̀ kó tutù nígbà tí ohun ìdáná ṣì wà nínú rẹ̀, torí tó bá dì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ há síbẹ̀ nìyẹn. Wọn ò sì lè ṣí i sílẹ̀: abẹ́ gáàsì argon, tí kì í jẹ́ kí sódíọ̀mù gbiná, ni gbogbo iṣẹ́ ti ń wáyé. Èyí tó tún mú un le ni pé ojú ò rí inú rẹ̀. Nínú rìákítọ̀ olómi, èèyàn lè ki kámẹ́rà bọmi kó sì rí ìsàlẹ̀. Sódíọ̀mù dà bíi fàdákà tó yọ́, òkè rẹ̀ nìkan lojú ń rí.

Báyìí ni wọ́n ṣe yọ ìdì ọ̀pá ìdáná kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan tó wà lórí rìákítọ̀ á nawọ́ sísàlẹ̀, á gbá orí ìdì náà mú, á fà á jáde. Ní ọ̀pọ̀ ojú ihò, wọ́n á ti ìdì àrọ́pò onígun mẹ́fà, tí kò ní ohun ìdáná kankan nínú, bọ ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, torí ńṣe ni àwọn ìdì yẹn fara ti ara wọn dúró. Bó o bá ń fà wọ́n yọ lásán, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Èyí tí wọ́n yọ á lọ sínú táǹkì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìákítọ̀, tí òun náà kún fún sódíọ̀mù. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ síbi ìwẹ̀. Argon tí ìrì omi wà nínú rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ sí i lára, kí sódíọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ọn lè jẹ tán díẹ̀díẹ̀ láìbú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni omi gidi á tó ṣàn án, tí wọ́n á wá gbé e sínú adágún omi. Ìdì 530 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, 370 láti àárín rìákítọ̀, 160 láti inú táǹkì. Oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n parí.

Ní abala àkọ́kọ́, 100 ni wọ́n ní àwọn máa ṣe, 86 ni wọ́n rí ṣe. Èérún sódíọ̀mù tó ti gan mọ́ ọwọ́ irin ẹ̀rọ wà lára ohun tó dá wọn dúró: ọwọ́ náà ò ṣí, kò sì pa dé bó ṣe yẹ, àfi kí wọ́n dúró fọ̀ ọ́. Ẹni tó ti bá sódíọ̀mù gbé pẹ́ ló máa tètè mọ̀ pé èépá ló ń fa ọwọ́ yẹn sẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe tó ń wó ilé, mọ́tò ló máa tú.

* * *

Ẹnì kan fèsì lókè pé ìwádìí lọ́tọ̀, títú palẹ̀ lọ́tọ̀, àti pé JAEA kàn ń da méjèèjì pọ̀ ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ibi tí àjọ náà ti wá ló sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2005 ni JAEA dá sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pa àjọ méjì pọ̀. Èkíní ni JAERI, tó ti wà láti 1956. Òun ló ní JRR-1 ní Tokai, rìákítọ̀ àkọ́kọ́ ní Japan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. Èkejì ni JNC, tó jogún iṣẹ́ PNC ti 1967, àwọn tó kọ́ Monju. JAERI yìí náà ló ní JPDR, rìákítọ̀ kékeré tó kọ́kọ́ fi agbára núkílíà mú iná mànàmáná jáde ní Japan, lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1963. Wọ́n pa á ní 1976. Láàárín 1986 sí 1996, wọ́n tú u títí tí ilẹ̀ rẹ̀ fi mọ́.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi títú JPDR kọ́ṣẹ́ ni. Iná plasma tí rọ́bọ́ọ̀tì ń darí lábẹ́ omi ni wọ́n fi gé irin inú rìákítọ̀, ayùn oníná ni wọ́n fi gé ìkòkò irin náà fúnra rẹ̀, abẹ́ omi lèyí náà ti wáyé. Ìdí tó fi jẹ́ abẹ́ omi ni pé omi ń dí ìtànṣán, ó sì ń mú èéfín àti èérún irin kó má bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ògiri kọnkéré tó yí i ká ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n fi ayùn dáyámọ́ǹdì gé, wọ́n sì fi ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀ bó o ní ìpele ìpele.

Ní ìparí, tọ́ọ̀nù 24,440 pàǹtí ló jáde. Èyí tó lóró ìtànṣán nínú rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 3,770 lọ. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà: yíya èyí tó lóró kúrò lára èyí tí kò ní. Tó o bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni kó ilé tó wó, o ti sọ tọ́ọ̀nù 24,440 di pàǹtí olóró, owó tó o máa ná sí i láti sin ín á sì di ìlọ́po mẹ́fà. Lónìí, ìlànà tí wọ́n fi ń jọ̀wọ́ irin àti kọnkéré láti lò ó níbòmíràn ni pé ìtànṣán tó lè kan èèyàn láti ara rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá 0.01 mSv (millisievert, òṣùwọ̀n ìtànṣán tó kan ara) lọ́dún. Kí èèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irin kan ò kọjá ìyẹn, àfi kó mọ ibi tí irin náà wà nígbà tí rìákítọ̀ ń ṣiṣẹ́, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, àti irú irin tó jẹ́. Inú ìwé ẹni tó lo rìákítọ̀ náà nìyẹn máa ń wà.

* * *

(Ẹni tó béèrè:) Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ má bínú o, ṣé ìwé àwọn tí wọn ò ṣàyẹ̀wò ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó tó 10,000 ni ká gbára lé?

* * *

Àbúrò, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀, òótọ́ lo sọ. Mi ò ní gbèjà wọn lórí ìyẹn.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1995, nígbà tí PNC ṣì ni àjọ náà ń jẹ́, ọ̀pá tẹmómítà kan kán nínú páìpù sódíọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kejì (èyí tí kì í kan ohun ìdáná) ní Monju. Ọ̀pá náà nípọn lápá kan, ó wá tẹ́ẹ́rẹ́ lójijì lápá kejì. Bí sódíọ̀mù ṣe ń ṣàn kọjá ló ń mì ín, ojú ibi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló rẹ̀ títí tó fi dá. Nǹkan bíi 640 kìlógíráàmù sódíọ̀mù jò dànù, ó sì gbiná. Ìtànṣán olóró ò tú síta, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ PNC gé lára fídíò ibi ìjàǹbá náà kí wọ́n tó fi í han aráyé. Ìgbà tí àṣírí tú, ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ti lọ. Ọdún 14 ó lé ni Monju fi jókòó kó tó tún ṣiṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 3.3 tí wọ́n fi ń gbé ìdì ọ̀pá ìdáná já bọ́ sínú rìákítọ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á jáde. Síkúrù kan ló tú lára ọwọ́ tó gbé e, ọwọ́ náà yí, kò wá dì í mú dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ 10,000 tó o sọ jáde ní 2012. Ìwé iṣẹ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò. Bí ọjọ́ bá pé tí ọwọ́ dí, wọ́n kàn ń sún un síwájú láìtẹ̀lé ìlànà ìsúnsíwájú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, NRA, àjọ alábòójútó núkílíà, ní kí wọ́n dá gbogbo ìmúrasílẹ̀ láti tan Monju dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ó sọ fún mínísítà pé JAEA ò kúnjú ìwọ̀n, kó wá ẹlòmíràn tó máa bójú tó Monju. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba ní kí wọ́n tú u palẹ̀.

Ṣé o wá rí i? Àjọ ìwádìí máa ń fi orúkọ ńlá dá ẹni tó ṣàwárí nǹkan tuntun lọ́lá. Ẹni tó lọ yẹ fáàfù wò tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ó dára” kì í gba oríyìn kankan. Ibẹ̀ ni àrùn JAEA wà, mo sì kórìíra rẹ̀ gidigidi, torí kì í ṣe pé wọn ò ní ìmọ̀. Síbẹ̀, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn: kò sẹ́ni tó mọ Monju bíi tiwọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á.

* * *

Kí n tó gbàgbé: ìjàǹbá kan wà tó ṣàlàyé ohun tí mò ń sọ ju Monju lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sì pọ̀. Agolo kan ló fà á.

Ilé ìwádìí ohun ìdáná ti JAEA ní Oarai ni, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ márùn-ún fẹ́ yẹ agolo kan wò, láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe wà. Lẹ́búlẹ́bú plutóníọ̀mù àti yùréníọ̀mù, àwọn irin olóró tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìdáná, ló wà nínú rẹ̀, nínú ike, tí wọ́n fi àpò ọ̀rá ìlọ́po méjì bò, láti 1991. Bóòtù mẹ́fà ló de ìdérí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú mẹ́rin, wọ́n gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe “ṣììì”. Wọ́n yẹ ẹnu rẹ̀ wò, kò sí oró níbẹ̀, wọ́n bá tú méjì tó kù. Bí ìdérí ṣe ká kúrò, àpò ọ̀rá wú, ó bẹ́, lẹ́búlẹ́bú náà fọ́n sí wọn lára. Ìbòmú tó bo imú àti ẹnu nìkan ló wà lójú wọn, orí tábìlì tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú àpótí oníbọ̀wọ́ tó dé pa.

Gáàsì wo ló mú ọ̀rá wú? Gọ́ọ̀mù epoxy ni wọ́n po mọ́ lẹ́búlẹ́bú náà nígbà ìwádìí kan. Ìtànṣán alpha láti ara plutóníọ̀mù ń fọ́ gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ọ́ di gáàsì, fún ọdún lé lógún. Ní 1996, nígbà tí wọ́n ṣí agolo náà, ọ̀rá ti wú nígbà yẹn, ìdí ike sì ti bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ wọn, wọ́n dé e padà. Ìròyìn náà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣí i ní 2017.

Èyí tó tẹ̀ lé e tún jẹ́ ẹ̀kọ́: ìdíwọ̀n àkọ́kọ́ sọ pé 22,000 Bq (becquerel, òṣùwọ̀n oró ìtànṣán) plutóníọ̀mù wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan nínú wọn. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n fọ ara rẹ̀ dáadáa tí wọ́n tún un wọ̀n, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti orí awọ ara, tí ẹ̀rọ kà mọ́ ti inú. Fọ ara kó o tó wọn inú. Ìlànà kékeré ni, àmọ́ òun ni wọn ò tẹ̀ lé dáadáa.

Ìdí tí mo fi ní kì í ṣe ilé wíwó nìyí. Ẹni tó ń tú ibi ìwádìí ogójì ọdún palẹ̀, agolo tí kò mọ inú rẹ̀ ló ń ṣí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ Tokai ní ṣókí, torí ẹnì kan béèrè. Ibẹ̀ ni JAEA àti àwọn àjọ tó ṣáájú rẹ̀ ti fọ ọ̀pá ìdáná tí wọ́n ti lò láti yọ plutóníọ̀mù, tọ́ọ̀nù 1,140 lápapọ̀ láti 1977 sí 2007. Ìjàǹbá iná àti ìbúgbàù ti 1997 níbi tí wọ́n ti ń po pàǹtí olóró mọ́ ọ̀dà títì, tí ìtànṣán fi kan òṣìṣẹ́ 37, ibẹ̀ náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ètò títú u palẹ̀ gba àṣẹ ní 2018, ọdún 70 ni wọ́n dá fún un. Ohun tó ń ká wọn lára báyìí ni omi olóró líle tó wà nínú táǹkì, èyí tí wọ́n ń yọ́ pọ̀ mọ́ gíláàsì kó lè dì. Iná mànàmáná ni wọ́n ń gba inú gíláàsì yíyọ́ náà kọjá kó lè máa gbóná. Ruthenium, rhodium àti palladium tó wà nínú omi náà kì í yọ́ mọ́ gíláàsì, ńṣe ni wọ́n ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Irin tó ń gbé iná ni wọ́n, torí náà iná á gba ibẹ̀ kọjá, á fi gíláàsì sílẹ̀, gíláàsì á tutù, kò ní ṣàn mọ́. Wọ́n á pa ìléru, wọ́n á ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ìléru tuntun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àrọ nìyẹn, kí àwọn irin yẹn lè máa bá gíláàsì jáde.

* * *

Ẹni tó ní JAEA ló ń tú Fukushima Daiichi palẹ̀, ibùdó iná núkílíà tí rìákítọ̀ rẹ̀ yọ́ ní 2011, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. TEPCO, iléeṣẹ́ iná mànàmáná, ló ni í, TEPCO ló ń ṣe é. Ohun tí JAEA ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ní ibi tí wọ́n ti ń dán rọ́bọ́ọ̀tì wò ní Naraha, ibi àyẹ̀wò pàǹtí ní Okuma, àti ilé ìwádìí CLADS, tó dá sílẹ̀ ní 2015.

Ọ̀kan lára ohun tó wá já lé JAEA lọ́wọ́ ni àyẹ̀wò ohun ìdáná tó yọ́. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 880 rẹ̀ ni wọ́n fojú bù pé ó wà nínú rìákítọ̀ mẹ́ta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, TEPCO fẹ́ ti ọ̀pá gígùn kan bọ rìákítọ̀ kejì, wọ́n sì rí i pé páìpù márùn-ún tí wọ́n fi ń tì í ò tò bó ṣe yẹ, wọ́n dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án, kámẹ́rà orí rẹ̀ ò ríran mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ni ègé kan jáde. Ìwọ̀n rẹ̀? Nǹkan bíi 0.7 gíráàmù. Wọ́n gbé e lọ sí Oarai.

Àwọn kan ń fi 0.7 gíráàmù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yẹ. Kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ tó máa gé tọ́ọ̀nù 880, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó le bí òkúta tàbí ó ń rún, mélòó ni yùréníọ̀mù nínú rẹ̀, mélòó ni irin àti zirconium, bóyá ó ń tú èérún sílẹ̀ tí wọ́n bá gé e. Ègé kan ò lè dáhùn fún gbogbo rìákítọ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ láìsí ègé kankan, ìméfò ni gbogbo rẹ̀.

* * *

(Ẹni tó béèrè:) Ó ti ń yé mi. Owó ńkọ́? Ṣé kò ní jẹ owó ìwádìí tán?

* * *

Ó ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ sì ni èmi àti àwọn tó ń gbèjà JAEA pátápátá ti yapa. Ní 2018, àjọ náà gbé ètò jáde pé àwọn máa tú ilé iṣẹ́ 79 palẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 70, owó rẹ̀ á sì tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.9 yen. Owó yìí ò tí ì ka gbogbo owó ìtọ́jú tí wọ́n máa ná títí wọ́n á fi parí. Àpò ìjọba kan náà ni àwọn rìákítọ̀ ìwádìí JAEA, JRR-3, HTTR àti Joyo, ti ń jẹun.

Pípẹ́ níbẹ̀ ló ń gbówó lórí. Bí rìákítọ̀ bá jókòó láìtú, iná rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kú, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ dúró, ẹ̀ṣọ́ ò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún 2008, òfin gbé sísin pàǹtí ilé ìwádìí tí oró rẹ̀ ò le púpọ̀ lé JAEA lọ́wọ́. Èyí tó le koko jẹ́ ti àjọ mìíràn tó ń jẹ́ NUMO. Bí wọn ò bá wá rí ibi tí wọ́n máa sin ín sí, dúrọ́ọ̀mù á kún ibi ìkóǹkansí, wọn ò sì ní lè tú ilé tó kàn, torí kò síbi tí wọ́n máa kó pàǹtí rẹ̀ sí. Nígbà JPDR, wọ́n sin lára kọnkéré tí oró rẹ̀ kéré jù sínú kòtò nínú ọgbà Tokai gan-an. Ìyẹn ò lè gba ti ilé 79.

Èrò tèmi ni pé kí ìjọba ya owó títú palẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìwádìí, kí ọ̀kan má máa gba ẹnu èkejì jẹ. Kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ JAEA, àmọ́ kí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ má ṣe wà lábẹ́ ọ̀gá tó ń lé ọjọ́ ìparí iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó o ń sọ náà á rí iṣẹ́ ṣe: gígé, gbígbé, kíkó. Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbé fún un ni ìpinnu lórí ohun tí wọ́n máa gé, àti ìgbà tí wọ́n máa gé e.

* * *

(Ẹni tó béèrè:) Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ Monju ń lọ dáadáa, kí ni kí n máa wò?

* * *

Má wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ètò. Sódíọ̀mù ni kó o máa wò. Wọ́n ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣètò láti kó o lọ síbẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di omi sódà kọ́sítíìkì, kì í ṣe ti mímu o. Fífà á sínú táǹkì, kó dì, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun gbé e ni apá tó rọrùn.

Èyí tó máa kù nílẹ̀ ló le. Ńṣe ni wọ́n ṣe ìkòkò Monju kí ohun ìdáná má bàa ṣíra sílẹ̀ láé, kódà bí páìpù bá jò. Ìyẹn dáa nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà títú palẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ò lè gbẹ fúnra rẹ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ á ṣẹ́kù sínú kọ̀rọ̀ fáàfù, ìtẹ̀kọ̀rọ̀ páìpù àti abẹ́ àwọn àwo irin. Bí wọ́n bá wá gbé ayùn lé irú páìpù bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, iná ni. Torí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní “a ti kó sódíọ̀mù tán”, béèrè pé kìlógíráàmù mélòó ló kù sínú, nínú páìpù wo, àti bí wọ́n ṣe mọ̀.